Ẹ̀rọ GPS Afọ̀nàhàn fún Ọkọ̀: Èyí Tí Kì Í Gba Ojú Awakọ̀ Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀rọ afọ̀nàhàn mẹ́ta ni mo ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi láàárín ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kó ẹrù lọ sí ibi tí n kò dé rí. Èkíní kéré, ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 4.3 lọ, èkejì fẹ̀ tó íǹṣì 7, ẹ̀kẹta, tí mo ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, jẹ́ íǹṣì 5.5. Fóònù mi náà ti ṣe iṣẹ́ kan náà fún odindi ọdún kan àti ààbọ̀, nígbà tí èkejì bàjẹ́ tí n kò sì tíì ra òmíràn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé irú èyí tí mo rà lè má sí lórí àtẹ mọ́ nígbà tí ẹ bá fi máa ka àkọsílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dára àti ohun tí wọ́n fi kù díẹ̀ káàtó wà nínú ẹ̀rọ tuntun títí di òní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn ẹ̀rọ wọ̀nyí báyìí: ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò mú mi gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà, tí mo bá sì gbé e kúrò, yóò ti pẹ́ tó kí n tó rí ohun tí mò ń wá? Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré wo ẹ̀rọ rẹ̀ ti rin mítà 56 láìrí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi yékéyéké, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo wà lórí ọ̀nà márosẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì kò ju mítà 400 sí mi lọ. Lójijì ni ẹ̀rọ mi kejì gbé àpótí funfun gbàǹgbà kan sójú máàpù, ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn tí yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá ju èyí tí mo wà lọ. Àpótí náà bo ọfà tí mò ń tẹ̀ lé mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo na ọwọ́ láti pa á rẹ́, ìka mi kò bá ibi tó yẹ, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí n ó sì fi gbé ojú sókè, iná ìdádúró ọkọ̀ tó wà níwájú mi ti pọ́n fòò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo gíláàsì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yọ̀ díẹ̀ lórí omi, ó sì dúró. Orí ló yọ mí. Nígbà tí mo délé, mo tú gbogbo ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rọ náà wò láti wá ibi tí mo ti lè pa ìbéèrè yẹn, n kò rí i. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tà á ń pè ní aláìlẹ́gbẹ́ nítorí ojú rẹ̀ tó fẹ̀ ni o.

Kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí tó wo ohun mìíràn, ó yẹ kó mọ bó ṣe ń mọ ibi tó wà, torí pé àìmọ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tí ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gòkè ní ọdún 1978, iṣẹ́ náà sì pé ní 1995. Sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24 ló ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, aago inú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń fi ìgbì rédíò kéde láìdáwọ́dúró ni àkókò àti ibi tí oníkálùkù wọn wà. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ kì í fọhùn sí wọn. Gbígbọ́ ló ń gbọ́. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin, ó lè fi bí ìró oníkálùkù (ìgbì rédíò yẹn ni mo ń pè ní ìró) ṣe pẹ́ tó kó tó dé ṣe ìṣirò ibi tó wà. Ìṣirò náà gbẹgẹ́ gan-an: bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ yóò sọ pé òun wà yóò fi nǹkan bíi mítà 300 yẹ̀ pẹ̀lú. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìró tí àwọn ará ìlú ń gbà rú, kí Ààrẹ Bill Clinton tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Àṣẹ yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wúlò tó báyìí, nítorí pé ẹ̀rọ tó lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà kò lè mọ èwo nínú òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ọkọ̀ wà.

Gbígbọ́ tí ó ń gbọ́ láìfọhùn yìí ni kì í jẹ́ kó náni ní dátà, òun náà ló sì ń fà á tó fi máa ń pẹ́ nígbà mìíràn kó tó mọ ibi tó wà. Bí ẹ̀rọ bá ti wà nínú àpótí fún oṣù mélòó kan, tàbí tí wọ́n gbé e rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn nígbà tó wà ní pípa, ohun tó mọ̀ nípa ojú ọ̀run ti di àtijọ́. Ó ní láti gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì. Ọ̀rọ̀ tí sátẹ́láìtì kan ń sọ nípa ara rẹ̀ nìkan ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 30, àkọsílẹ̀ nípa gbogbo wọn lápapọ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ilé ọkọ̀ tó ní òrùlé, tó ṣíná, tó sì gbéra lọ́gán sáàárín àwọn ilé gíga, ń dí i lọ́wọ́ ni. Kí n tó máa di ẹrù sínú ọkọ̀ ni mo máa ń tan tèmi, ní gbangba ìta, débi pé tí n ó bá fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti mọ ibi tí a wà.

Lábẹ́ òfuurufú gbalasa, ẹ̀rọ tó dára ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà dé nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ìlà kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ tàbí mẹ́rin lọ. Àwòrán ẹlẹ́wà tí ẹ̀rọ ń yà nígbà tí oríta bá kù díẹ̀, tó fi ọfà aláwọ̀ ewé sí ìlà méjì tó wà lápá ọ̀tún, ìlà tó yẹ kí ẹ wà ló ń sọ, kì í ṣe ìlà tí ẹ wà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Mo ti bá awakọ̀ pàdé tó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kò ti pariwo, ìlà tí òun wà ló tọ́. Bákan náà ni ọfà tó ń dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fà á sí òpópónà tó súnmọ́ ọn jù nínú máàpù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ọ̀nà kan bá wà lórí afárá tí òmíràn sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lè máa darí yín bí ẹni pé òkè lẹ wà nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀. Ilé gíga náà ń dá ìró padà bí ògiri ṣe ń dá ohùn padà, ọfà á sì máa fò kiri. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti ilẹ̀ Yúróòpù tàbí BeiDou ti ilẹ̀ Ṣáínà mọ́ GPS máa ń ṣe dáadáa jù nírú ibẹ̀, nítorí pé sátẹ́láìtì tó ń rí pọ̀ sí i. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì wo gíláàsì ọkọ̀ yín pẹ̀lú: àwọn kan wà tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò nítorí oòrùn, ìró kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú wọn wọlé àfi ní ibì kékeré kan tí wọ́n fi sílẹ̀, tó sábà máa ń wà nítòsí dígí ìwẹ̀yìn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, kí ni ènìyàn tún ń fi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà tí fóònù wà lápò? Ìbéèrè gidi ni. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2009 tí Google ti kéde ìfọ̀nàhàn ọ̀fẹ́ fún fóònù Android ni ọjà ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń lọ sílẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Fóònù ń mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, máàpù rẹ̀ kì í pẹ́ gbó, ó sì ń mọ orúkọ ibi tí ẹ̀rọ mi kò gbọ́ rí. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú ìlú kan ṣoṣo ló ti ń wakọ̀, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ojú ńlá kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí fóònù lè gba ibẹ̀ fi máàpù hàn, kò nílò láti ra nǹkan mìíràn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ́ ra èyí tó wọ́n jù.

Ṣùgbọ́n ọdún kan àti ààbọ̀ tí mo fi lo fóònù kọ́ mi ní ohun tó pọ̀. Ní ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, fóònù lè máa bá ọ̀nà tó ti ṣírò tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣìnà, tí n kò sì ti gba máàpù agbègbè náà sílẹ̀ ṣáájú, kò lè ṣírò òmíràn. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń mú un gbóná lórí gíláàsì títí yóò fi dín ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kù, nígbà mìíràn yóò kọ̀ láti gba iná wọlé mọ́. Èyí tó burú jù lọ ni pé ohun gbogbo ló ń gba orí rẹ̀ wọlé. Ìpè wọlé, máàpù kúrò; ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àkọlé rẹ̀ bo orúkọ òpópónà tí mo fẹ́ yà sí. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń rìn jìnnà, tó ń gba ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń kú tó ń jí, tó sì ń lo fóònù rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn lójú ọ̀nà, mo ṣì gbà pé ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tó owó rẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ wá ńkọ́? Èkíní tí mo rà jẹ́ irú èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi èékánná tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́, ojú rẹ̀ sì kéré débi pé lẹ́tà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jọ ń bá ara wọn jìjàdù. Èkejì tó jẹ́ íǹṣì 7 rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ ó bo apá kan gíláàsì mọ́ mi lójú. Lọ́jọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, n kò sì rí ọmọkùnrin náà àfi ìgbà tó jáde lódìkejì. Íǹṣì 5.5 tí mo ń lò yìí ni mo rò pé ó bá ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ àárín mu. Ohun tó ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ lọ ni bó ṣe ń rí nínú oòrùn. Tí ẹ bá wà ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ na ọwọ́ síwájú bó ṣe máa jìnnà sí yín nínú ọkọ̀, kí ẹ wò ó fìrí, kí ẹ sì gbé ojú kúrò. Bí ẹ kò bá lè sọ ìhà tí ọfà kọjú sí àti iye mítà tó kù lẹ́yìn ìfìrí kan yẹn, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ibi tí ẹ óò gbé e sí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ìsàlẹ̀ gíláàsì, ní igun tó súnmọ́ awakọ̀, ni mo fẹ́ràn jù, kó má ga ju dáṣíbọ́ọ̀dù lọ púpọ̀, kó má sì sí ní ibi tí báàgì afẹ́fẹ́ yóò ti là bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ibì kan ní òfin lórí rẹ̀: ní ìpínlẹ̀ California, igun ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè, íǹṣì márùn-ún níbùú lóròó ní ìhà awakọ̀ àti méje ní ìhà kejì. Rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì kì í dúró tí eruku tàbí ọ̀rá ìka bá wà níbẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ tútù nu gíláàsì, kí n fi gbígbẹ nù ún tẹ̀ lé e, kí n mí gbígbóná sí inú rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan, kí n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tí n ó sì ti irin rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì já lulẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Bí mo bá sì yọ ọ́, mo máa ń nu àmì roboto tó bá fi sílẹ̀, nítorí pé àmì yẹn ni olè fi ń mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Mo wá kan ohun tí mo rò pé ó yẹ kí owó yín lọ sí jù lọ, ìyẹn máàpù. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí ẹ wà ni. Máàpù ló ń sọ pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Garmin àti TomTom ni orúkọ méjì tí ẹ óò bá pàdé jù lọ lọ́jà. Wọ́n dá Garmin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, TomTom sì bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní 1991. Ọ̀dọ̀ HERE, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe máàpù, ni Garmin ti ń gba máàpù ọkọ̀ rẹ̀, TomTom sì ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti ra ilé-iṣẹ́ máàpù Tele Atlas ní ọdún 2008. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibì kan lè wà tí máàpù kan mọ̀ dáadáa tí èkejì kò mọ̀ rárá, kò sì sí ìkéde kankan tó máa sọ èyí fún yín. Ẹ lè dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. HERE ní áàpù ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HERE WeGo. Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ wá ibi márùn-ún tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó: òpópónà tuntun kan, ọ̀nà tí wọ́n ti sọ di wọ́n-wéè, ilé tó wà nínú kọ̀rọ̀, afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àti ọ̀nà kan tí kò já. Bí mẹ́ta nínú wọn kò bá tọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń lo máàpù tó wá láti orísun yẹn yóò dà yín láàmú ní agbègbè yín.

Gbólóhùn kan máa ń wà lára páálí tó ń ṣèlérí máàpù tuntun títí ayé. Ayé ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń sọ, ilé-iṣẹ́ ló sì ń pinnu ìgbà tí ayé náà parí. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé ààyè mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ. Èkíní mi ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí máàpù tuntun tóbi kọjá ààyè inú rẹ̀, àfi tí n bá ra mẹ́mọ́rì káàdì kún un, tàbí kí n gé ìdajì ilẹ̀ kúrò nínú máàpù. Máàpù tuntun máa ń tóbi, gbígbà rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà òru ọjọ́ tí ẹ kò ní rìnrìn àjò ni ẹ fi ṣe é, kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ fa wáyà yọ kó tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ní ohun mìíràn láti ṣọ́. Nọ́ńbà tí GPS fi ń ka ọ̀sẹ̀ kì í ju 1,024 lọ kó tó padà sí òdo, ó sì padà sí òdo ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn kò tún ṣe lè máa fi ọjọ́ tí kò tọ́ hàn láti ìgbà náà, kí ìṣirò àkókò rẹ̀ sì dàrú. Ẹ tan àlòkù náà ní gbangba ìta, ẹ dúró kó mọ ibi tó wà, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò lè gba ẹni tó tẹ orúkọ tí kò tọ́ sínú rẹ̀ là. Ní ọdún 2009, tọkọtaya kan láti orílẹ̀-èdè Sweden ń lọ sí Capri ní Ítálì. Carpi ni wọ́n tẹ̀. Ìlú Carpi wà ní àríwá, ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ ju 600 kìlómítà lọ, wọ́n sì dé ibẹ̀ tán kí wọ́n tó máa bèèrè ọ̀nà Blue Grotto, ihò etí òkun tó gbajúmọ̀ ní Capri. Erékùṣù ni Capri, wọn kò sì gba orí omi kankan kọjá. Ohun tí mo ń ṣe kò ju pé, lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ ibi tí mò ń lọ, mo máa ń fa máàpù sẹ́yìn kí n rí gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n wo iye kìlómítà àti ìhà tó kọjú sí, kí n tó fi ọkọ̀ sí jíà. Bí oníbàárà bá fi nọ́ńbà ìlà ìbú àti ìlà òró ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń bi í bóyá ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá ló fi kọ ọ́ tàbí ìdá ọgọ́ta-ọgọ́ta. Ìwọ̀n 7.30 àti ìwọ̀n 7 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 (ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú ìwọ̀n kan) jọra lójú, ṣùgbọ́n èkejì jẹ́ 7.5, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lórí ìlà ìbú sì tó kìlómítà 22. Mo ti jìyà èyí rí, tí mo gbé ẹrù dé etí oko kan ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ilé kankan níbẹ̀.

Kí ẹ tó lo ẹ̀rọ tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n ti yàn fún yín láti ilé-iṣẹ́. Ọ̀nà tó kúrú jù kì í ṣe ọ̀nà tó yá jù nígbà gbogbo, àwọn tó bá sì ní kí ẹ̀rọ wá èyí tó kúrú ni ó máa ń kó gba inú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Mo ti ní kí tèmi yẹra fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, àti fún yíyíjú ọkọ̀ padà láàárín pópó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní aṣálẹ̀. Ní ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Death Valley ní Amẹ́ríkà, àwọn alábòójútó ibẹ̀ ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí wọ́n má fi ọkàn tán ẹ̀rọ GPS nìkan, nítorí pé ó ti darí àwọn ènìyàn gba ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà, nínú ooru tó ń pa ènìyàn. Ẹ mú máàpù bébà dání tí ẹ bá ń lọ sí irú ibẹ̀, kí ẹ sì mú omi.

Awakọ̀ tírélà àti ọkọ̀ akẹ́rù gíga kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré kò mọ gíga afárá, kò mọ ìwọ̀n ẹrù tí ọ̀nà lè gbà, kò sì mọ igun tí ọkọ̀ gígùn kò lè yí. Garmin ní ọ̀wọ́ dēzl fún èyí, TomTom sì ní GO Expert. Ẹ óò tẹ gíga, ìbú, gígùn àti ìwúwo ọkọ̀ yín sínú wọn. Wọ́n wọ́n ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n òrùlé tó bá lu afárá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi owó díẹ̀ tún ṣe.

Ohùn ni mo fi yan ẹ̀kẹta mi. Àwọn ẹ̀rọ kan kàn ń sọ pé ẹ yà sí ọ̀tún. Àwọn kan ń ka orúkọ òpópónà, ìyẹn sì dára jù, kódà bí wọ́n bá ń pe orúkọ náà ségesège, nítorí pé etí yóò ti gbọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ojú tó rí pátákó. Èyí tí mo ní yìí máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí oríta bá ku nǹkan bíi kìlómítà méjì, ó tún ń sọ ọ́ ní mítà 500, ó sì ń sọ ọ́ nígbà tó bá kan yíyà gan-an. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 500 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 18, ó tó láti wo dígí, tan iná ìtọ́ka, kí n sì bọ́ sí ìlà tó yẹ. Èkejì kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi ku 200, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá méje péré. Ní ìsọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ èyí fún yín. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi ìrìn àjò àfarawé kan hàn yín lórí ẹ̀rọ náà, púpọ̀ nínú wọn ní in, kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, nítorí náà wáyà tó ń gba iná láti inú ọkọ̀ ló ń gbé e ró. Ẹ má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ooru ni í ba bátìrì jẹ́. Ìròyìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wúlò níbi tí iṣẹ́ náà bá wà, ó sì sábà máa ń nílò fóònù kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ti ìkìlọ̀ kámẹ́rà tó ń mú awakọ̀ asáré, òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: orílẹ̀-èdè Switzerland kà á léèwọ̀, ilẹ̀ Jámánì kò sì gba awakọ̀ láyè láti lò ó lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ pa á tí ẹ bá ń sọdá ibodè. Ẹ má sì fi àdírẹ́sì ilé yín gan-an sí ibi tí wọ́n kọ ilé sí nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi ti oríta tó wà nítòsí síbẹ̀, kí ẹni tó bá jí i má baà rí ọ̀nà délé.

Ẹ̀kẹta mi kò pé. Ó ń lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó jí lówùúrọ̀, kì í gbọ́ràn tí ọwọ́ mi bá tutù, wáyà tó bá a wá sì kúrú débi pé ó ń sọdá níwájú jíà, mo sì ti fi ọwọ́ fà á yọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mò ń yí jíà padà. Síbẹ̀, ní oṣù tó kọjá, mo tún gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó pín sí méjì yẹn kọjá, nínú òjò bẹ́ẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì yà sí ibi tó yẹ. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, irú rẹ̀ gan-an ni n ó tún rà, àmọ́ n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n na wáyà rẹ̀ jáde kí n wọ̀n ọ́n.